Ògiri Tó Wà ní Ojú Ìwé Kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún

Dámilárá ní kí n yẹ ìwé atọ́nà ìlú tí wọ́n ṣe wò dáadáa, kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún òun, bóyá ó wúlò tàbí kò wúlò. Ó ní wọ́n fẹ́ tún un tẹ̀, pé àwọn ọ̀gá òun ń fẹ́ èrò àwọn tó mọ ìlú, àti pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí òun lọ́kàn ní gbogbo agbègbè Ọ̀jọ́. Ó kọ ìbéèrè mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ṣé ìwé yìí wúlò? Ta ni ó wúlò fún? Kí ni kí a yọ kúrò nínú rẹ̀, kí ni kí a sì fi kún un? Ó wá fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé ara wọn parí ọ̀rọ̀, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Ọmọ dáadáa ni Dámilárá. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò mọ ohun tí ìwé rẹ̀ ṣe fún mi, nítorí pé mi ò sọ fún un, òun náà ò sì béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbé ìbéèrè rẹ̀ tì síbẹ̀.

Iṣẹ́ pátákó kíkọ ni mò ń ṣe. Àátíìsì ni wọ́n ń pè wá. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ lẹ́tà sára ògiri àti páànù láti Òkòkómáíkò dé Àjàngbádì: pátákó aránṣọ, pátákó onídìrí, ti ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ti àwọn tó ń lẹ táyà. Tí ẹ bá rí lẹ́tà pupa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, tí òjìji dúdú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, èmi Àpèkẹ́ ọmọ Àkànní ni mo kọ ọ́. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ní kí n wá dájọ́ ìwé tí wọ́n fi ẹwà lẹ́tà àti ẹwà àwọ̀ ṣe, mo tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín. Ìwé atọ́nà ìlú Èkó ni, wọ́n ṣe é fún àwọn tó fẹ́ràn ilé tó lẹ́wà, àga tó lẹ́wà, aṣọ àti àwòrán. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó wọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Bébà rẹ̀ nípọn, ó sì ń dán. Wọ́n kun etí rẹ̀ ní oríṣiríṣi àwọ̀, agbègbè kan, àwọ̀ kan, kí ọwọ́ lè tètè ṣí i: Ìkòyí jẹ́ búlúù, Yábàá jẹ́ yẹ́lò, tiwa níbí jẹ́ àwọ̀ eérú. Ojú ìwé ogóje ni gbogbo rẹ̀, méjì péré ló kan Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkómáíkò lápapọ̀. Lẹ́tà inú rẹ̀ kéré, ó sì ṣá. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún ní láti gbé e bọ́ sínú oòrùn kó tó lè kà á. Títì inú àwòrán rẹ̀ gún gbọọrọ bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà, kò sí orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù kankan, kò sí ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Ó sọ ibi tí èèyàn ti lè mu kọfí dídùn ní Erékùṣù, kò sọ ibi tí èèyàn lè tọ̀ sí tó bá dé Òkòkómáíkò.

Ilé bàbá mi ló wà ní ojú ìwé kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún.

Bàbá mi, Àkànní, ọmọ Ìséyìn ni, búlọ́ọ̀kù ló sì ń mọ. Nígbà tó fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀ sí Àjàngbádì, ó fi pákó gbẹ́ mọ́ọ̀dù kan fúnra rẹ̀, ó sì fi mọ búlọ́ọ̀kù olójú, èyí tó máa ń ní ihò lára kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ wọlé. Ọjà ni àwọn yòókù ti ń ra mọ́ọ̀dù tiwọn, ìràwọ̀ tàbí òdòdó. Ti bàbá mi, ewé kókò méjì tó kọ ẹ̀yìn síra wọn ni. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn. Ìyá mi, Florence, ló fi orí ru yanrìn rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án níwájú ilé, ìyá mi sì lè ka iye rẹ̀ fún yín lójú oorun. Tí oòrùn bá ti yọ, òjìji ewé kókò á kún ilẹ̀ fàráńdà, á máa sún díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán. Orí òjìji yẹn ni mo ti kọ́ ìrìn.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Ìyàwó kejì, tó ti dolóògbé, bí Timothy. Bàbá kú láìsọ ẹni tó máa ni ilé. Sángo ni Timothy ń gbé, kò sì tíì sùn nínú ilé náà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá, ṣùgbọ́n ó ní òun lọkùnrin, pé ká tà á ká pín in. Mo ní ìyá mi ló ru yanrìn ilé yìí, ibẹ̀ ló sì máa kú sí. Nígbà tí Timothy bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ejẹ́ńtì wá wo ilé, mo ṣe ohun tí gbogbo ẹbí tó ń jà máa ń ṣe ní Èkó. Mo gbé àkàbà, mo gùn ún, mo kọ ọ́ sára ògiri tó wà lókè àwọn búlọ́ọ̀kù olójú náà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó apá mi láti ìgunpá dé ìka: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN ONÍJÌBÌTÌ. LÁTI ỌWỌ́ ẸBÍ ÀKÀNNÍ. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sísàlẹ̀.

Ẹni tí kò gbé Èkó rí lè rò pé lẹ́tà lásán ni. Àkọlé yẹn le ju géètì onírin lọ. Ejẹ́ńtì á dé, á kà á, á yí mọ́tò padà. Olówó tó bá gbọ́n kò ní ná owó rẹ̀ síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lójú ògiri, àdúgbò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹbí bá fọwọ́ ara wọn pa á rẹ́, gbogbo èèyàn mọ̀ pé wọ́n ti parí rẹ̀, ilé ti di títà nìyẹn. Kò sí ìwé òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Èmi fúnra mi ti bá ẹbí mẹ́rin pa irú rẹ̀ rẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ ta ilé wọn. Ọdún mẹ́jọ ni tiwa fi wà níbẹ̀, ìyá mi sì fi ọdún mẹ́jọ sun oorun àsùnwọra.

Ìgbà ọyẹ́ ni Dámilárá dé, òun àti ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Búlọ́ọ̀kù olójú ni wọ́n ń wá kiri gbogbo Èkó. Ọmọ náà fọwọ́ pa búlọ́ọ̀kù bàbá mi lára bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ fàráńdà, ó ń wo òjìji ewé. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Mo ní bàbá mi ni, mo sọ orúkọ rẹ̀, mo wọlé lọ fa mọ́ọ̀dù náà jáde lábẹ́ ibùsùn ìyá mi, mo fi hàn án. Ó kọ orúkọ náà sílẹ̀, mo rí i tó kọ ọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó béèrè ẹni tó ṣe búlọ́ọ̀kù yẹn. Inú mi dùn débi pé mo sáré lọ ra mínírà tútù fún wọn.

Onífọ́tò ló kọ́kọ́ fẹnu kan àkọlé. Ó ní pupa yẹn ń pariwo jù, kò jẹ́ kí ojú rí ewé. Dámilárá ní kọ̀ǹpútà á bá àwọn yọ ọ́ kúrò. Onífọ́tò ní rárá, ìwé àwọn kì í parọ́, bí ògiri bá ṣe rí làwọn ń yà á. Wọ́n ń bá a fà lọ fà bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Èmi ni mo là wọ́n, mo ní iṣẹ́ mi ni, mo lè fi ọ̀dà bò ó kí n sì tún un kọ tí wọ́n bá lọ tán. Mo po ọ̀dà títí àwọ̀ rẹ̀ fi bá ti ògiri mu déédéé, mo gun àkàbà, mo pa á rẹ́ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì la ògiri tèmi lẹ́nu, mo sì ń rẹ́rìn-ín sí i.

Maimunat, tó ní ṣọ́ọ̀bù ọṣẹ ní ọ̀kánkán wa, jáde síta, ó ń wò mí. Ó kí mi pé mo kú oríire. Mo dá a lóhùn pé mo dúpẹ́, èmi rò pé tìtorí àwọn oníwèé ló ṣe ń kí mi.

Wọ́n ní kí ògiri ṣì wà bẹ́ẹ̀ ná, pé àwọn fẹ́ padà wá fi oòrùn àárọ̀ yà á. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n padà wá. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó dí mi lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀dà pupa wà nílé, búrọ́ọ̀ṣì wà nínú kẹrosíìnì. Tí mo bá ní iṣẹ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kí n ráyè, irọ́ ni mo pa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ tí mo pa fún àwọn àgbà ẹbí nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó wù mí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá dúró lójú títì, màá máa wo ilé wa. Ó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí bàbá mi kùn ún tán. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ ìjà sí i níwájú orí, mo ti gbàgbé pé ó lẹ́wà. Ojú kì í sì í rí arẹwà kó má kì í. Ojoojúmọ́ ni mò ń kí i.

Ìyá mi kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ tí lẹ́tà yẹn ń ṣe. Ó jókòó sí fàráńdà, ó ní, “Àpèkẹ́, kọ nǹkan yẹn padà.” Mo ní lọ́la. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá mi sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ní lọ́la.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Timothy ta ilé.

Àlájì Muheez ló rà á, ọkùnrin kan tó ń ta páànù ìbolé ní Ìbà. Ó ti wá wo ilé náà ní ọdún méjì ṣáájú, ó ka àkọlé, ó gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Timothy sọ fún un pé a ti parí ìjà. Àlájì kì í ṣe òmùgọ̀, kò gba ọ̀rọ̀ Timothy gbọ́ lásán. Ó wá fúnra rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, ó rí ògiri tó mọ́ fínnífínní, ó sì ré títì kọjá lọ bá Maimunat, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Maimunat fojú rí ló sọ: pé àbí kí ni, ọmọ onílé fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́, òun kí i kú oríire, ó sì dúpẹ́. Odindi oṣù kan ni mi ò fi bá Maimunat sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, mo rí i pé òótọ́ ló sọ, mo sì ń kí i padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn àgbà ẹbí pè wá jókòó, ní ilé àbúrò bàbá mi nínú Ìbà Housing. Níbi ìjókòó kìíní, mo ṣàlàyé pé tìtorí fọ́tò ni mo ṣe pa á rẹ́. Àbúrò bàbá mi wò mí títí.

“Nítorí fọ́tò?” ló sọ.

Kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni bi mí lọ́jọ́ náà. Lọ́yà tí mo lọ bá sọ pé a lè gbé e lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n kí n mọ̀ pé ó lè gbà tó ọdún méjìlá. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni ìyá mi. Mo kí lọ́yà, mo dìde.

Níbi ìjókòó kẹta, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti fa ara rẹ̀ kọjá ọdún kan, Timothy mú ìwé Dámilárá wá. Timothy tí kò ra ìwé rí láti ìgbà tó ti fi síkúù sílẹ̀, òun ló ra èyí, tó ṣí i sí ojú ìwé kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún, tó gbé e síwájú àwọn àgbà. Ògiri wa ló wà níbẹ̀, kò sí àmì pupa kan lára rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, ní igun apá òsì, mo gbá àkàbà mú, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, mò ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Timothy ní kí wọ́n wo ẹni tí wọ́n ní wọ́n já ilé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Bàbá kan tilẹ̀ yin bébà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà sétígbọ̀ọ́ òun, wọ́n sì kà á: Búlọ́ọ̀kù olójú, Àjàngbádì. A kò mọ ẹni tó ṣe é.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Timothy nìkan kọ́ ni ikú ilé náà. Èmi náà wà nínú rẹ̀, mo wà lórí àkàbà.

Yàrá kan la ń gbé báyìí ní Ìbà, èmi àti ìyá mi. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ dí pa, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Àwọn àgbà ti fọwọ́ sí títà náà, wọ́n ní ìpín tèmi wà lọ́wọ́ àbúrò bàbá mi. Mi ò lọ gbà á, nítorí tí mo bá gbà á, èmi náà ti tà á nìyẹn. Lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá ni ìyá mi ń jí béèrè ìgbà tí a máa lọ sílé. Ó rò pé àlejò la wá ṣe. Kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ ní Àjàngbádì ṣì wà ní etí ìró rẹ̀, ó so ó ní kókó, ó sì máa ń fọwọ́ kàn án tó bá ń gbàdúrà. Tó bá ti béèrè, màá ní ó kù díẹ̀. Mo ti mọ lọ́la sọ tẹ́lẹ̀, ó kù díẹ̀ náà ò yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìbéèrè Dámilárá dé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń wò ó, Àlájì Muheez pè mí lórí fóònù. Mo fẹ́ pa á mọ́ ọn létí. Ó bẹ̀ mí, ó ní kí n fi ti Ọlọ́run gbọ́ òun. Timothy ti tún ilé náà tà fún ẹlòmíràn. Ó ń gbé ìwé náà kiri, ó ń fi ojú ìwé kẹrìndínlọ́gọ́rùn-ún han àwọn tó fẹ́ ra ilé, ó ń sọ pé ilé bàbá òun rèé, òyìnbó mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan ti san owó, ẹnìkejì wá wọn ilẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí ìyàwó Àlájì ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sójú ògiri,” Àlájì sọ. “Lẹ́tà yín ni gbogbo àdúgbò yìí gbà gbọ́.”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn mí láyà. Ó yẹ kí n kọ̀. Ó yẹ kí n fi Àlájì sílẹ̀ kí Timothy ṣe é bó ṣe ṣe mí. Ṣùgbọ́n Àlájì kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù nìyẹn: ó béèrè, wọ́n dá a lóhùn, ó san owó rẹ̀. Mo ní màá wá, ṣùgbọ́n màá mú ìyá mi dání, kí wọ́n jẹ́ kó jókòó sí fàráńdà títí màá fi ṣe tán. Ó ní ìyẹn kì í ṣe nǹkan.

Ní àárọ̀ Sátidé, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àjàngbádì. Mo ti sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, pé a ò ní pẹ́. Ó gbọ́, ó mi orí. Nígbà tí a dé, oòrùn ti wọ inú búlọ́ọ̀kù, ewé kókò kún ilẹ̀. Ìyá mi jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ó na ẹsẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀ lórí òjìji náà. Mo yíjú kúrò, mo gun àkàbà.

Mo ti kọ ọ́ dé TÍTÀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan dúró. Ọkùnrin òyìnbó kan sọ̀ kalẹ̀, òun àti ọmọbìnrin kan tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un, òógùn bò wọ́n. Ìwé náà wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, mo mọ etí aláwọ̀ eérú yẹn láti orí àkàbà. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní wákàtí méjì làwọn fi wá ilé yìí. Àwọn fi fọ́tò inú ìwé han gbogbo oníkẹ̀kẹ́ ní Òkòkómáíkò, kò sí ẹni tó mọ irú ilé bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí bàbá arúgbó kan wò ó títí tó wá ní, ṣé ilé tí wọ́n kọ ‘kì í ṣe títà’ sí lára tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyí. Mo ní òun náà ni. Ó wo ìwé, ó wo ògiri, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá mo lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, àti bóyá aṣọ kan wà tí a lè ta bo lẹ́tà náà kí ọ̀gá òun fi yà á, nítorí kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé.

“Mo ti bò ó rí,” mo sọ fún un.

Kò yé e. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Òyìnbó náà wá ẹ̀gbẹ́ kan dúró sí, ó ń ya èyí tó lè yà.

Ìyá mi ló nawọ́ béèrè ìwé náà. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó bá a ṣí i síbẹ̀. Ìyá mi gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e súnmọ́ ojú. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, mo mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ló ń kà. Nígbà tó kà á tán, ó fi ìka lé ibi tó mọ́ lókè, ibi tí kò sí nǹkan kan.

“Ìwé yìí ò dáa,” ni ìyá mi wí. “Ibi tí ọmọ mi kọ̀wé sí, wọn ò yà á.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́, ó gba ìwé rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá. Èmi di àkàbà mú. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ nípa bébà àti lẹ́tà àti àwọ̀, ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ti dá ẹjọ́ ìwé náà tán kí n tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti po ọ̀dà dúdú fún òjìji, mo yọ fóònù, mo dá Dámilárá lóhùn. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kò wúlò. Mo tún un kà, mo rí i pé irọ́ ni, mo pa á rẹ́. Mo wá kọ ọ́ pé ó wúlò. Ó wúlò fún Timothy Àkànní ju gbogbo èèyàn lọ. Kí wọ́n má yọ nǹkan kan. Ohun tí wọn ó fi kún un ni orúkọ bàbá mi, àti àkọlé tí mo pa rẹ́ lójú ògiri nítorí wọn.

Èsì dé kí n tó po ọ̀dà náà tán. Ó ní òun mọrírì rẹ̀ gan-an. Ó ní ta ni Timothy, ṣé oníṣẹ́ ọnà ni, ṣé mo lè fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ fún ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀. Mo ki fóònù bọ àpò.

Mo padà sókè, mo kọ ọ́ dé òpin. LÁTI ỌWỌ́ ẸBÍ MUHEEZ. Mo kọ nọ́ńbà Àlájì sísàlẹ̀, mo fi dúdú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì kọ èyí tó dára tó o rí láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé. Ó dùn mí pé ó dára.

Ìyá mi dìde, ó jáde sí iwájú ilé, ó fọwọ́ bo iwájú orí nítorí oòrùn, ó sì gbójú sókè. Ó wo pupa, ó wo dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí orúkọ wà.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ló sọ. “O ti kọ ọ́ padà.”

Ó padà wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju bó ṣe máa ń yá ní Ìbà lọ. Mò ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo gbọ́ tí irin ń ha irin nínú ilé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Àlájì ti pààrọ̀ gbogbo àgádágodo láti ọdún tó kọjá. Ìyá mi pe orúkọ mi láti ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní kọ́kọ́rọ́ náà ti dípẹtà, kí n wá epo díẹ̀ bá òun fi sí i.